Wọ́n Fá Irunmú Òkété Mi, Wọ́n Ní Mi Ò Mọṣẹ́

Ilé iṣẹ́ ìwádìí tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Jahi, ní Abuja, fá irunmú òkété mẹ́fà tí mo fi ọdún kan àbọ̀ kọ́, wọ́n sì lé mi dànù lórí ẹ̀sùn pé àwọn òkété náà ò mọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kì í ṣe àwàdà. Lẹ́tà náà ń bẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé ẹni tí àwọn gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ kò ní ìmọ̀ tó láti kọ́ ẹranko. Láti ìgbà náà mo ti kọ̀wé sí yunifásítì méjì pé mo fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn méjèèjì ní kí ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ kọ̀wé nípa mi. Wọ́n rí ìwé náà gbà, wọ́n sì dákẹ́ fọ́ọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló nà gbalaja sójú ọ̀nà mi, bíi màlúù tó dùbúlẹ̀ sójú títì Lugbe tí gbogbo fèrè ọkọ̀ ò lè lé dìde.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe ti Èkó. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní yunifásítì nílé, ìmọ̀ nípa ẹranko sì ni mo kà. Etí òwìwí ni mo kọ ìwé àṣekágbá mi lé lórí. Nínú irú òwìwí kan, etí kan ga ju èkejì lọ. Bí eku bá rìn nínú koríko, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ dé etí kan kó tó dé èkejì. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kí o tó ṣẹ́jú ó ti kọjá tipẹ́, síbẹ̀ ọpọlọ ẹyẹ yẹn á wọ̀n ọ́n, á sì mọ ibi tí eku wà gan-an, bó ti wù kí òkùnkùn ṣú tó. Ọ̀rọ̀ yìí wú mi lórí ju bó ṣe yẹ kó wú ọmọlúàbí lórí lọ. Ní ti ìyá mi, adìyẹ ló sọ fún gbogbo àdúgbò pé mò ń kà nípa rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ọmọ òun obìnrin ń bá òwìwí ṣe wọléwọ̀de.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Jahi wá polówó pé àwọn ń wá ẹni tó mọ bí ọpọlọ ẹranko ṣe ń lo ìró àti ìfarakàn, tó sì tún gbọ́ Faransé, ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ti wo ojú mi kí wọ́n tó kọ ọ́. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ilé máa ń wó ní ilẹ̀ yìí, èèyàn á sì há sábẹ́ àwókù. Òkété lè wọ ihò tí èèyàn ò lè wọ̀. Àwọn òyìnbó kan ń náwó sí i pé ká kọ́ òkété láti máa tẹ̀lé ìró ẹni tó ń gbá òkúta lábẹ́ àwókù, ko, ko, ko, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá débẹ̀, á fẹnu fa okùn kékeré kan tó wà lọ́rùn rẹ̀, iná á sì tàn lọ́dọ̀ wa níta. Ó tán.

Mi ò ní fi ìrìn àjò dá yín lágara. Mo dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé etí mi ò wúlò mọ́. Ní Kétu, mo lè jókòó sínú yàrá kí n mọ ẹni tó ń kọjá níta nípa bó ṣe ń wọ́ bàtà. Yàrá kan ni mo gbà ní Lugbe, jẹnẹrétọ̀ mọ́kànlá ló sì wà nínú ọgbà náà. Tí iná bá lọ, gbogbo wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ìjọ tó fẹ́ kọrin, láìsí olórí akọrin. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́rin kí n tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ tí mo jókòó tí mo gbọ́ ọ̀kan tó ń húkọ́, tí mo sì sọ lọ́kàn mi pé ti Ìyá Tósìn nìyẹn, epo rẹ̀ ti fẹ́ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó tèmi ní gbogbo olú ìlú Nàìjíríà. Mo jáde lọ sọ fún un. Ó ní ṣé mò ń ṣọ́ òun ni.

Èkejì ni ìfarakàn. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo tó fọwọ́ kàn mí ní Abuja ni obìnrin tó ń yẹ ara àwọn obìnrin wò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà bọ́ǹbù ni, kò sí ibi tí wọn kì í ti í tú àpò ẹni. Obìnrin náà á gbá mi lápá, á gbá mi níhà méjèèjì, á fi Haúsá ní "yauwa," pé ó dáa, ó parí nìyẹn. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sìn, ṣùgbọ́n mi ò pa ìsìn kankan jẹ. Nígbà mìíràn màá tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀, màá jáde, kó lè tún yẹ̀ mí wò nígbà tí mo bá ń wọlé. Mi ò ní ọkọ̀.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kàwé nípa ọpọlọ mọ̀ pé ọmọ eku tí ìyá rẹ̀ kì í fi ahọ́n lá kì í dàgbà dáadáa, bó tiẹ̀ ń jẹun. Awọ ara wa kì í ṣe àpò tí a dì wá sí. Ó ń sọ fún ọpọlọ pé nǹkan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí kò bá rí nǹkan kan sọ fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò sí nǹkan kan lóòótọ́.

Mo wá àwọn Yorùbá lọ. Ẹgbẹ́ kan ń ṣe ìpàdé ní Gwarinpa ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù, mo sì lọ. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Inú wọn dùn, wọ́n nawọ́ sí àwọn ọmọ tiwọn pé ṣé wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, àwọn ọmọ náà sì wò mí bí ẹni tó ń wá yẹtí tó jábọ́. Lẹ́yìn náà akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù wá. Ó béèrè ìpínlẹ̀ mi. Mo ní Kétu. Ó kọ Èkó. Mo ní rárá o, Kétu ti Bẹ̀nẹ̀. Ó pa Èkó rẹ́, ó wo fọ́ọ̀mù náà títí, ó ní kò sí àyè fún un. Bàbá kan láti ẹ̀yìn ní kó kọ ọ́ pé Kútọnu. Òmíràn ní Kútọnu kì í ṣe Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, èdè Yorùbá tó dùn létí ni wọ́n fi ń jiyàn bóyá èmi tí mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Níkẹyìn wọ́n kọ mí sábẹ́ àlejò, wọ́n sì fún mi ní mínírà kan. Mo mu ún. Mi ò padà lọ mọ́.

Ìyá mi ni mo máa ń pè. Ọ̀sán Sátidé ni, torí ìgbà náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fara mọ́ wa. Bó bá ti gbé e báyìí, kó tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, mo ti mọ ibi tó wà. Bó bá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ohùn rẹ̀ á fẹ̀. Bó bá wà nínú yàrá, ohùn á ti ara ògiri padà wá, á dún bí ẹni tó gbé orí sínú ìkòkò. Gbogbo ìgbà ló máa ń béèrè nípa àwọn òkété.

"Ṣé wọ́n ti tó pa?"

Màá ní a kì í pa wọ́n, Màámi, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

"Iṣẹ́ wo ni òkété ń ṣe ju kó wà nínú ọbẹ̀ lọ? Mo fi ọ́ sílé ìwé títí, o wá kó ẹran jọ, o ò jẹ ẹ́, o ò tà á. Àwọn ará ibẹ̀ wá ń san owó oṣù fún ọ?"

Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Á mí kanlẹ̀, á ní Ọlọ́run tóbi.

Òòbẹ̀, àwọn àdán kékeré tó ń fò láàárín igi, kì í gbára lé ojú nínú òkùnkùn. Ńṣe ló máa ń pariwo tí etí èèyàn ò lè gbọ́. Ariwo náà á lọ kọlu ewé, kọlu ògiri, kọlu kòkòrò, á sì padà wá bá a. Ọpọlọ rẹ̀ á fi èyí tó padà wá ya àwòrán gbogbo àyíká. Mo wá rí i pé ohun tí èmi náà ń fi fóònù ṣe nìyẹn. Mò ń pariwo lọ sí Kétu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí n lè gbọ́ ohun tó máa padà wá, kí n fi mọ ibi tí mo wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ mí.

Èèyàn mẹ́ta ló kan ọ̀rọ̀ yìí nílé iṣẹ́. Èkíní ni Ọ̀gá Àgbà, ọmọ Èkìtì, dókítà nínú ìmọ̀ tó fara jọ tèmi, kò sì lè sọ pé òun ò mọ̀. Èkejì ni Àǹtí Bùkọ́lá, alákòóso ọ́fíìsì. Òbí Yorùbá ló bí i, Abuja ló dàgbà sí. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí o bá sọ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ẹ̀kẹta ni Bàbá Káyọ̀dé, ará Kàbà, tó ń fún àwọn òkété lóúnjẹ tó sì ń nu ilé wọn. Onígbàjámọ̀ ni bàbá yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wá gba iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó wò mí, ó wo àwọn òkété, ó ní ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti òkè òkun nítorí ohun tí àwọn fi ń se ọbẹ̀. Mo ní Kétu kì í ṣe òkè òkun. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé tí kì í ṣe òkè òkun. Òun ló sọ òkété tó dàgbà jù nínú wọn ní Ìyá Ìjọ, torí ó sanra, ó sì máa ń yọjú wo ohun tí àwọn yòókù ń jẹ.

Ní oṣù kejì mi, mo ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀gá Àgbà jókòó níwájú. Àǹtí Bùkọ́lá ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Mo sọ fún wọn pé òkété ò ríran dáadáa, irunmú rẹ̀ ló fi ń wòran. Kì í jẹ́ kí irunmú yẹn sinmi. Ńṣe ló ń jù ú síwájú sẹ́yìn, lemọ́lemọ́, bó ṣe ń rìn. Bí ṣóńṣó irun kan bá kan ògiri, irun á tẹ̀, ìdí rẹ̀ tó wà nínú awọ á mọ̀ ọ́n lára, iṣan á sì gbé ìròyìn náà sọdá lọ sí apá kejì ọpọlọ. Níbẹ̀, irunmú kọ̀ọ̀kan ló ní ojúlé tirẹ̀, wọ́n tò ní ìlà bí wọ́n ṣe tò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ gẹ́lẹ́. Mo ní ó dà bí Gwarinpa, òpópónà lé òpópónà, ilé lé ilé, àfi pé ti inú ọpọlọ òkété létò, lẹ́tà kì í sì í ṣìnà níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní etí á sọ fún un pé ẹni tó ń gbá òkúta wà lápá ọ̀tún, irunmú á sọ fún un pé ògiri ló wà níwájú, ihò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọpọlọ á da méjèèjì pọ̀, á sì di ọ̀nà. Mo wá sọ ọ́ ketekete, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ náà, ojú ewé kejì: ẹ má fọwọ́ kan irunmú wọn, ẹ má sì pariwo nítòsí wọn.

Ẹ̀bi tèmi kan wà níbẹ̀, màá sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Wọn ò pe Bàbá Káyọ̀dé sí ìpàdé yẹn, torí wọn kì í pe àwọn tó ń gbálẹ̀, èmi náà ò sì lọ ṣàlàyé fún un lẹ́yìn ìpàdé. Mo rò pé kò kàn án. Òun ló sì ń fọwọ́ kan wọn lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, àwọn òyìnbó tó ń náwó ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Gbogbo ilé iṣẹ́ dàrú. Wọ́n kun òkúta ẹnu ọ̀nà ní ọ̀dà funfun. Wọ́n ra òdòdó nínú ìkòkò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lẹ́yìn tí mo ti lọ sílé, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri tó to iṣẹ́ ìmọ́tótó lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni pé kí a gé irun gígùn tó wà lẹ́nu àwọn ẹranko kí wọ́n lè mọ́ tónítóní fún fọ́tò. Àǹtí Bùkọ́lá fọwọ́ sí i, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé lórúkọ Ọ̀gá Àgbà. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé fọ́tò òkété tí wọ́n gbé sórí Facebook ni ẹnì kan bú, ó ní wọ́n dà bí ọ̀mùtí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ní kí n lọ tààrà láti Lugbe, torí ọ̀kan nínú àwọn àlejò, obìnrin ará Faransé, kò fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi Faransé bá a ṣeré dé Jahi. Mo sọ fún un bí Ìyá Ìjọ ṣe gbọ́n tó. Mo ní á rí i.

A dé. Wọ́n ti ta tàpólì sábẹ́ fèrèsé ilé òkété, gbohùngbohùn méjì tó ga jù mí lọ sì ń kọ orin ìkíni káàbọ̀. Kí àwọn àlejò má baà gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti gbé e lọ sẹ́yìn ilé òkété. Mo ní kí wọ́n pa orin náà. Wọ́n ní Ọ̀gá Àgbà ló ní kí wọ́n tan án. Àwọn àlejò ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé àwòrán wá láti inú yàrá òkùnkùn, níbi tí a kó búlọ́ọ̀kù àti páìpù jọ bí ilé tó wó. Ẹnì kan ti wà ní ìkángun kejì, ó ń gbá òkúta. Èmi tí mo mọ̀ pé ó ń gbá a gan-an ò gbọ́ ọ.

Wọ́n tú Ìyá Ìjọ sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó dúró. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì fi orí gbá búlọ́ọ̀kù. Ó padà sẹ́yìn, ó fi ìdí gbá páìpù. Ó wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó ti wà níbẹ̀ lánàá. Mo sún mọ́ àwòrán náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dán borogidi. Èkejì wọlé, òun náà dán. Ìkẹta lọ fara ti ògiri tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Àlejò kan ya fọ́tò. Wọ́n mọ́ tónítóní.

Mo yíjú sí obìnrin ará Faransé náà, mo sọ fún un ní èdè rẹ̀ pé wọ́n ti gé irunmú wọn, ohun tó ń rí yìí kì í ṣe ìdánwò. Kí ó tó dáhùn, Ọ̀gá Àgbà ti rẹ́rìn-ín, ó ti sọ fún gbogbo wọn pé ara mi ń gbọ̀n díẹ̀ ni, ó sì ti dì mí lápá mú jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nílé iṣẹ́ yẹn fọwọ́ kàn mí nìyẹn.

Mo ní, "Ọ̀gá, wọ́n fá irunmú wọn."

Ó ní, "Mo rí i."

Mo ní kí ó jẹ́ ká sọ fún wọn, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù kan, yóò ti hù.

Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kí n wá sọ fún àwọn èèyàn yìí pé a fá irunmú eku? Ó sàn kí wọ́n rò pé ìwọ ò mọṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìjókòó kan náà, lẹ́yìn ìwé ètò ọjọ́ yẹn, kí n má baà fi nǹkan kan kún un. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà mi dé. Wọ́n fún mi ní oṣù kan láti palẹ̀ mọ́.

Bàbá Káyọ̀dé wá bá mi ní ọjọ́ kejì tí mo gba lẹ́tà. Kò tíì gbọ́. Ó ń retí pé màá kí òun kú iṣẹ́ ni. Ó ní ṣé mo rí iṣẹ́ ọwọ́ òun, ó ti pẹ́ tí òun ti fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí òun ò fi lo abẹ, kí wọ́n má baà fara pa.

"Mo gé e dọ́gba, ọmọ mi. Kò sí ọ̀kan tó gùn ju èkejì lọ."

Mo jókòó sórí àpò oúnjẹ wọn, mo sì ṣàlàyé fún un, ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe láti oṣù kejì. Ó gbọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tí ẹni tó ní oyè dókítà fi ọdún kan àbọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní nígbà tí òun ń gbé yàrá kan tí kò ní fèrèsé ní Nyanya, ọwọ́ lòun fi ń wá ìlẹ̀kùn, etí lòun fi ń mọ̀ bóyá ìyàwó òun ti jí. Ó ní ká ní ẹnì kan gé ìka òun lóru ọjọ́ kan ńkọ́. Ó bọ́ fìlà. Mo ní, "Bàbá, ẹ dé fìlà yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ bébà."

Irunmú máa ń hù padà. Ohun tí wọn ò rántí nìyẹn. Lójoojúmọ́ oṣù tó kù fún mi, èmi àti Bàbá ń gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀, à ń wò ó bí àgbẹ̀ ṣe ń wo àgbàdo. Ní ọ̀sán Sátidé tó kẹ́yìn, nígbà tí ilé iṣẹ́ dá wáí, tí jẹnẹrétọ̀ sinmi, Bàbá Káyọ̀dé wọ ìkángun kejì yàrá òkùnkùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá òkúta. Mo tú Ìyá Ìjọ sílẹ̀. Ó na ojú síwájú, irunmú rẹ̀ ń lọ síwájú sẹ́yìn. Ó yí etí. Ó gba abẹ́ búlọ́ọ̀kù, ó yà sí òsì, ó gun páìpù, ó rá sínú ihò kan tí mi ò mọ̀ pé ó gbà á. Iná tàn. Mo gbọ́ ohùn Bàbá láti inú òkùnkùn, ó ń kí i ní èdè Kàbà bí ẹni ń kí ìyàwó tuntun. Márùn-ún nínú mẹ́fà ló débẹ̀. Ìkẹfà rí ẹ̀pà kan lọ́nà, ó sì jókòó tì í. Mo ya fídíò gbogbo rẹ̀.

Mo fi ẹ̀dà kan fún Ọ̀gá Àgbà lọ́wọ́. Ó ní òun á wò ó. Mo fi ẹ̀dà kan fún Àǹtí Bùkọ́lá. Òun wò ó, lójú mi, lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó sìn mí dé ẹnu géètì. Níbẹ̀ ló ti sọ Yorùbá tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi.

"Ọ̀gá ka bébà yẹn. Kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó fi bírò sàmì sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní èmi ni mo sọ."

Nígbà tí mo kọ̀wé pé kí wọ́n ṣàtúnṣe sí lẹ́tà mi, òun kan náà ló fèsì, ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán, pé ilé iṣẹ́ kò mọ̀ nípa irunmú kankan. Mo ti ronú lé e pé ó lè máa bẹ̀rù nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ní iṣẹ́ nígbà kan.

Mo ṣì wà ní Abuja. Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Lugbe. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn mi, mo sì ti mọ ìró ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí pèpéle. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn, mi ò sì fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fúnra mi.

Nítorí náà, Ọ̀gá Àgbà, ẹ dáhùn. Ẹ ka bébà yẹn kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ ni, tàbí ẹ ò kà á? Bí ẹ ò bá kà á, ta ló fi bírò sàmì sí i? Bí ẹ bá kà á, ẹ wà ní ìjókòó iwájú nígbà tí mo ní kí ẹ má fọwọ́ kan irunmú wọn, kí lẹ rò pé mò ń sọ? Fídíò tí mo fi lé yín lọ́wọ́ dà? Àǹtí Bùkọ́lá, ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún mi ní géètì fún ẹlòmíràn, ní èdè tó bá wù yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó, ẹ rí ẹran mẹ́ta tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dán, ẹ tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò náà ń bẹ lọ́wọ́ yín. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó béèrè ibi tí irun wà?

Ẹ kọ ìdáhùn náà sórí bébà, kí ẹ fi òǹtẹ̀ lù ú bí ẹ ṣe lu ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ nínú rẹ̀ ẹni tó pàṣẹ, ẹni tó mọ̀, àti ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ fi kún ìwé tí mò ń kọ sí yunifásítì kẹta, wọ́n sì máa ti ìlẹ̀kùn ìgbàwọlé wọn ní ìparí oṣù yìí.